Ògiri Abẹ́ Ilé

Ọmọ ìyá kan náà ni Fárónbí àti Ìdògbé ní ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni baba wọn kọ́ ilé sí. Yàrá méjì ló wà lábẹ́ ilé náà, ògiri alámọ̀ kan ló sì là wọ́n láàárín. Nígbà tí baba kú, Fárónbí ń kó kòkó sí yàrá inú, Ìdògbé ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ kékeré sí ti ìta. Ìyá wọn ń gbé lókè, yàrá rẹ̀ sì dúró lórí ògiri náà gan-an.

Lọ́dún kan, Ìdògbé ra ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ náà kò wọlé tán. Ìdajì rẹ̀ ń sùn síta. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí àwọn wó ògiri àárín kí ilé ọkọ̀ lè gùn sí i. Fárónbí ní òun kò kọ̀, ṣùgbọ́n ògiri yẹn ló gbé yàrá ìyá àwọn ró. Kí ó jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ ri òpó. Ìdògbé rò pé nítorí kòkó ni ẹ̀gbọ́n òun ṣe ń fi òní dọ́la.

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá Làmídì, aládùúgbò wọn, tí ojú rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀ iwájú ilé náà tipẹ́. Làmídì ní kí ó wó o, pé ẹni tó bá ń tọrọ ààyè nílé baba rẹ̀ kò ní ìpín níbẹ̀. Ó tún yọ́ lọ sọ fún Fárónbí pé àbúrò rẹ̀ fẹ́ lé e jáde. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò kí ara wọn mọ́. Ìdògbé fi ìbínú ta ilẹ̀ iwájú ilé, tó jẹ́ ìpín tirẹ̀, fún Làmídì, ó sì pe àwọn tí yóò wó ògiri.

Wọn kò tíì wó o dé ìdajì tí òkè ilé fi dún. Èyí tó kù lára ògiri là dé abẹ́ àjà, ilẹ̀ yàrá ìyá wọn sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fárónbí sáré lọ gbé ìyá sọ̀ kalẹ̀. Ìdògbé fi èjìká ti igi àjà títí wọ́n fi rí òpó gbé sábẹ́ rẹ̀. Làmídì náà dé, ṣùgbọ́n okùn ló mú dání, ó ń wọn ilẹ̀ tó rà.

Ìyá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó, ó ń wo ògiri. Aláǹgbá kan sáré kọjá, ó wọ inú ibi tó là lọ.

Ó ní, “Ẹ rí i, ẹ̀yin ọmọ mi? Láti ọjọ́ tí baba yín ti mọ ògiri yìí, ara rẹ̀ ni aláǹgbá ń gùn, kò rọ́nà wọ inú. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?”

Ìdògbé dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú.” Fárónbí fà á dìde.

Wọ́n tún ògiri náà mọ, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti lọ kò padà. Làmídì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, ó sì dí ojú ilé wọn. Ohun tó dé bá wọn yìí ni àwọn àgbà ń rò tí wọ́n fi ń pa á lówe fún ọmọ ìyá tó bá ń jà pé: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.