Àkèré àti Ọ̀nà Omi

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi gba etí odò gbígbẹ kan kọjá, ó bá Àkèré nílé.

Opó ni Àkèré. Ìgbìmọ̀ ìlú àwọn ẹranko fẹ́ kọ́ ọjà tuntun sójú odò gbígbẹ náà, wọ́n ti kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù ba Àkèré, nítorí omi ibẹ̀ ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ.

Ó lọ sípàdé. Ẹfọ̀n, olórí ìgbìmọ̀, ní, "Ìyá, a ò gbọ́ ohùn yín. Ẹ jókòó."

Ó tún lọ. Ọ̀bọ akọ̀wé ní, "Orúkọ yín ò sí lára àwọn tó máa sọ̀rọ̀ lónìí."

Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kò tọrọ àyè mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀nà omi lẹ fẹ́ kọ́lé sí,
Omi á wálé o!
Ẹ gbẹ́lẹ̀ wò, ẹ ó rí yanrìn,
Omi á wálé o!

Gbogbo àwọn tó wà níta gbè é, títí Ẹfọ̀n fi gbé ọkọ́, tó lọ gbẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò tíì gbẹ́ ẹ dé orúnkún tó fi rí yanrìn tútù àti ìkarahun ìṣáwùrú. Ojú tì í.

"Ìyá, ẹ má bínú," ló wí, ó sì fa èèkàn tu.

Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọjà sí. Nígbà tí òjò ńlá dé, omi gba ọ̀nà tirẹ̀ kọjá, àwọn ọlọ́jà sì ń tajà wọn lọ.

Nípàdé tó tẹ̀lé e, Ẹfọ̀n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá, ẹ wá jókòó síbí. A fẹ́ la ọ̀nà ilé ìwé. Níbo ni ká gbé e gbà?"

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sílẹ̀ sí, gbogbo wọn ń retí ohun tí Àkèré máa sọ.