Ẹṣin Funfun Balógun Òkè-Àràbà

Ilẹ̀-kì-í-sá-fún-ẹlẹ́sẹ̀,
Ẹni-tó-jókòó-kì-í-kọsẹ̀,
àwọn awo méjèèjì yìí ló dífá fún Arógunmátìdí, Balógun Òkè-Àràbà, ní ọjọ́ tí ogun lé e wálé, tí ojú ń tì í láti kọjá níwájú àwọn ìyàwó rẹ̀.

Akin ni Balógun yìí. Èmi kò ní bu akin kù. Ó ga, apá rẹ̀ le, ó sì ní ẹṣin funfun kan tí ó fẹ́ràn ju ìyàwó rẹ̀ kejì lọ. Ìyàwó kejì gan-an mọ̀. Orí ẹṣin yìí ló máa ń wà láàrin ogun, kí gbogbo ọmọ ogun lè máa rí i. Síbẹ̀, nígbà tí ìjà gbóná, wọ́n tú ká, wọ́n gba ọ̀nà ilé. Ó ní ojo ni gbogbo wọn.

Ó tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní kí ó rú ewúrẹ́ kan, ẹyẹlé mẹ́rin, àti ẹṣin tí ó ń gùn. Wọ́n ní kí ó tú gàárì rẹ̀, kí ó fà á lé àwọn tí ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sójú ogun.

Ó ní, "Ẹ̀yin baba, Balógun wo lẹ ti rí tó ń fẹsẹ̀ rìn?"

"Ohun tí Ifá wí la sọ," ni wọ́n dá a lóhùn.

Ó rú ewúrẹ́. Ó rú ẹyẹlé mẹ́rin, ó fi méjì lé e, ó ní kí méjì náà dípò ẹṣin. Ẹ ò rí ọmọ aráyé, tí ń ná ẹbọ bí ẹni ń ná ọjà! Ogun tún dé, wọ́n tún lé e. Ọmọ ogun mọ́kàndínlógún ló kú sétí odò, Àjàgbé àbúrò rẹ̀ wà nínú wọn.

Ní Òkè-Àràbà, Balógun tí ogun bá lé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í wọ ẹnubodè mọ́. Inú àgọ́ rẹ̀ ni yóò ti mu ohun tí wọ́n bá bù sínú ahá fún un, ìlú á sì yan ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ba Arógunmátìdí. Ó tú gàárì ẹṣin náà fúnra rẹ̀, ó sunkún, ó sì fà á lé àwọn tí ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́.

Ogun kẹta dé. Ẹsẹ̀ ni Balógun fi rìn, ó gbé ẹní rẹ̀ sí èjìká, nítorí kò sí ẹṣin tí yóò bá a rù ú. Nígbà tí àwọn ọ̀tá yọ, tí ọfà ń rọ̀, ó rí i pé àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń wẹ̀yìn. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó jókòó.

Lápìtẹ́, àgbà tafàtafà kan, sáré dé. "Balógun, ẹ dìde! Wọ́n ti dé!"

"Èmi ti jókòó ná. Ẹni tó bá ń lọ, kó bá mi kí ilé."

Lápìtẹ́ wò ó, ó kígbe: "Balógun jókòó o!" Ọ̀rọ̀ náà ń ti ẹnu bọ́ sẹ́nu. Ta ni yóò fi Balógun sílẹ̀ lórí ẹní, tí yóò lọ máa ròyìn rẹ̀ nílé? Wọ́n yí i ká, wọ́n jà. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, àwọn ọ̀tá ti sá. Ẹni mẹ́tàlá tó fara gbọgbẹ́ ni ẹṣin funfun rù kúrò níbẹ̀, kò sì sí èyí tó kú nínú wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Balógun bi Lápìtẹ́ ní ohun tó ń lé wọn tẹ́lẹ̀. Baba náà kọ́kọ́ ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

Ó wá ní, "Ẹṣin yín ni. Bí ẹ bá ti ń yí i pa dà láti lọ pe àwọn tó wà lẹ́yìn, ìdí ẹṣin làwa tí a wà níwájú ń rí. A rò pé ẹ ti ń lọ sílé ni."

Balógun rántí Àjàgbé, tí ẹyẹlé méjì kò lè rà pa dà. Nígbà tí ó délé, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn awo, ó ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ní òótọ́ ni Ifá sọ. Ó pẹ́ lórí oyè, ó dàgbà, ó darúgbó, kò sì gun ẹṣin mọ́.

Ìdí nìyí tí Ifá fi ní kí ẹni tí a bá yan ẹbọ fún rú u bí a ti kà á sílẹ̀. Èyí tó ń dun ọkàn rẹ̀ láti yọ sílẹ̀, òun gan-an lẹbọ.