Àjàgbé àti Ẹ̀fọ́ Tó Ń Kúnlẹ̀ Kí I

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ ebè, ó ṣubú lu Àjàgbé, ọkùnrin tó fẹ́ràn ìkíni ju oúnjẹ lọ.

Ní ayé àtijọ́, bí ewúrẹ́ bá mi orí lójú ọ̀nà, Àjàgbé á dúró, á ní, "O káre, mo gbọ́." Bí afẹ́fẹ́ bá tẹ igi, á ní, "Dìde, ó tó." Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà mọ irú wọn.

Àjàgbé fẹ́ fi Àwẹ̀ró ṣaya. Ìyá Àwẹ̀ró mú un lọ sí àkùrọ̀ rẹ̀ létí odò. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Máa bá mi bomi rin tẹ̀tẹ̀ yìí láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ tí mo bá rí i já kún ìkòkò ọbẹ̀, ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró di aya rẹ."

Àjàgbé ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá." Ìyá yí ẹ̀yìn padà, Àjàgbé dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ìyeyè. Kèrègbè tí wọ́n fún un pé kó fi pọnmi, ó fi ṣe ìrọ̀rí.

Oòrùn mú. Ilẹ̀ gbẹ. Ewé tẹ̀tẹ̀ rọ, ó tẹrí ba. Tẹ̀tẹ̀ bá fi orin sẹ́nu, ẹ bá mi gbè é:

Àjàgbé, omi ò sí o,
*Tẹ̀tẹ̀ ń kú lọ.*
Gbòǹgbò mi gbẹ, ewé mi rọ,
*Tẹ̀tẹ̀ ń kú lọ.*
Odò ò jìnnà, kèrègbè ń bẹ,
*Tẹ̀tẹ̀ ń kú lọ.*

Kí ni Àjàgbé gbọ́ nínú orin yìí? Orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Ó dìde, ó tún fìlà dé. Ó ní, "Ẹ̀fọ́ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n sì ń forúkọ mi kọrin. Ẹ dìde, ó tó." Wọn ò dìde. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ wọn ló pọ̀, ó padà lọ sùn.

Oòrùn tún mú. Ewé tẹ̀tẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n tún kọrin. Àjàgbé ní, "Ẹ mà ti ń di apọ́nbéporẹ́. Ọwọ́ mi tutù ni." Ó padà lọ sùn.

Oòrùn wá mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ̀tẹ̀ tí kò ga tó orúnkún adìẹ yọ òdòdó, ó so. Ohùn wọn ti há, síbẹ̀ wọ́n kọrin. Àjàgbé ní, "Tẹ̀tẹ̀ àwọn ará ibí ṣì ń dàgbà, tèmi ti bímọ." Ó sáré lọ pe àna rẹ̀ àti Àwẹ̀ró.

Ìyá Àwẹ̀ró gbé ìkòkò dé. Ó já tẹ̀tẹ̀ títí, gbogbo rẹ̀ ò kún àtẹ́lẹwọ́, ó sì yi bí awọ. Inú bí i. Ó ní, "Àjàgbé, ta ló ń kí ọ? Òùngbẹ ló tẹ orí wọn ba. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ò ní dàgbà mọ́, wọ́n yára bímọ sílẹ̀ kí wọ́n tó kú."

Àjàgbé yíjú sí Àwẹ̀ró. Inú Àwẹ̀ró bàjẹ́, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí ebi bá pa mí ṣubú nílé rẹ, wàá ní kí n dìde, pé o ti gbọ́." Ó gbé kèrègbè, ó gba ọ̀nà odò lọ, kò wẹ̀yìn.

Àjàgbé bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ebè. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé bí ẹni tó wà níkàáwọ́ wa bá tẹrí ba fún wa, ká kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti mumi, ká tó dáhùn ìkíni. Etí odò ni ààlọ́ tèmi dúró sí.