Ilẹ̀ Ọkọ̀ Erin àti Ẹsẹ̀ Gígùn tí Ìjàpá Ní Tẹ́lẹ̀

Àlọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà o.

Kó wọlé, etí wa ti ṣí sílẹ̀.

Ta ló ń gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí iná ń jó, ní ọjọ́ òjò pàápàá?

Ìjàpá ni.

Ẹ gbà á. Ẹ mọ ìdáhùn, ẹ kò mọ ìdí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ìlú yìí ṣe rí, wọ́n sì ń jókòó síwájú níbi ìpàdé. Ẹ súnmọ́ mi. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ká ẹsẹ̀ rẹ dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ la fẹ́ sọ.

Àlọ́ mi gbéra, ó rìn títí, kò dúró níbì kankan àfi ní ojúde Erin.

Ní ìgbà tí àwọn ẹranko ṣì ń wa ọkọ̀, Erin ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ má bi mí bí erin ṣe ń wọ inú ọkọ̀. Ọkọ̀ ìgbà náà láyè nínú, àwa ti ìsinsìnyí la ń ká orúnkún mọ́ àgbọ̀n. Ọkọ̀ náà dùn ún wò. Erin a máa nù ún ju bí ó ṣe ń bọ́ ojú ara rẹ̀ lọ. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ilẹ̀ rẹ̀ a máa gbóná. Bí ó bá ti rìn díẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò ní lè fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ mọ́. Erin kò mọ̀ ọ́n lára, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀ nípọn bí ìdí odó. Ẹni tó bá ráhùn, Erin á ní ó ń jowú ọkọ̀ òun ni.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé láti Abẹ́-Àràbà. Àwẹ̀ró, àbúrò ìyá Erin, tó wà lórí àìsàn, ló ránṣẹ́. Ó ní kí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé òun ń dúró dè é, ṣùgbọ́n òun kò ní lè dúró pẹ́ mọ́.

Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn dé Abẹ́-Àràbà, odindi ọjọ́ kan ni. Ọkọ̀ á débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá Erin ti di arúgbó, kò lè rìn jìnnà, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ọkọ̀ yìí nìkan ló lè gbé e dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ yìí ni kò sì ní jẹ́ kó jókòó. Nígbà náà ni Erin tó gbà pé ọkọ̀ òun ń gbóná. Ó ránṣẹ́ sí Ìjàpá.

Ìjàpá nìkan ni mẹkáníìkì ìlú náà. Láyé ìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Bàtà aláwọ ló máa ń wọ̀, bí ó bá sì ń lọ lọ́nà, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìyàwó tuntun. Ó yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ṣàlàyé fún Erin pé páìpù èéfín tó gba abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kọjá ló ń yan ilẹ̀ ọkọ̀. Páànù tó wà láàárín páìpù àti ilẹ̀ ti dípẹtà, ó ti já bọ́. Àwọn rọ́bà tó dí ihò ilẹ̀ ti jẹrà, atẹ́gùn gbígbóná sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó ní kí àwọn fi páànù tuntun síbẹ̀, kí àyè díẹ̀ sì wà láàárín páànù náà àti páìpù kí atẹ́gùn lè fẹ́ kọjá. Kí àwọn dí àwọn ihò náà. Kí àwọn wá tẹ́ irun tó nípọn sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo ohun tó sọ ló tọ̀nà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ọ̀lẹ kò bà mí nínú jẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí kò ṣe é.

Níbo ni wọn yóò ti rí irun? Àgùntàn ló dìde. Nígbà náà, irun Àgùntàn ń wọ́lẹ̀, ọyẹ́ kò mọ ilé rẹ̀. Ó ní nígbà tí ìyá òun kú, Ìyá Erin ló tọ́ òun, nítorí náà kí wọ́n rẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìjàpá rẹ́ ẹ kanlẹ̀. Ó dì í rù, ó lọ ilé.

Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá ó rọ̀. Ó jókòó lé e, ó rọ̀. Ó dùbúlẹ̀ lé e kó lè dá a lójú. Nígbà tó fi jí, irun ti di ibùsùn, ìyàwó rẹ̀ sì ti tẹ́ aṣọ lé e. Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níbí, èwo nínú yín ló lè ká ibùsùn kúrò lábẹ́ ìyàwó?

Ó kù kí ó wá ohun tí yóò fi sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Erin ti kó iṣu mẹ́fà fún un pé kó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀bùn Ìyá Erin fún Àwẹ̀ró ni. Ìjàpá wo iṣu. Ó wo páìpù. Ó rántí pé ìyàwó òun ti ń yọ òun lẹ́nu nítorí igi ìdáná láti ọjọ́ mẹ́ta. Páìpù yìí kò gba igi, kò gba fífẹ́. Ó dí àwọn ihò náà dáadáa kí èéfín má bàa tú u fó. Páànù ni kò fi síbẹ̀, kó má bàa dí iná lọ́wọ́. Ó to iṣu mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ilẹ̀ tí páìpù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kó lè sun wọ́n, ó da kápẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, ó rọ epo pupa sínú ìgò kékeré, ó ní òun yóò tẹ̀lé wọn. Ọ̀dọ̀ awakọ̀, níwájú, ló fojú sí.

Ṣùgbọ́n ìlú wọn ní àṣà kan. Ẹni tó bá tún nǹkan ṣe ló ń kọ́kọ́ lò ó. Ẹni tó mọ ògiri ló máa ń kọ́kọ́ sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìjàpá rò pé òun á kàn jókòó díẹ̀ ní ojúde, ó parí.

Erin ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Ó ní, “Bọ́ bàtà rẹ, Ìjàpá.”

“Bàbá, bàtà yìí fúyẹ́.”

“Bọ́ ọ. Ìyá mi á na ẹsẹ̀ lé orí ìjókòó. Bí ẹsẹ̀ tìrẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀ títí a ó fi dé odò tó wà lágbedeméjì ọ̀nà, òun náà á fi tirẹ̀ sílẹ̀.”

Àgùntàn jókòó síwájú, ó ń gbọ̀n nínú ìhòòhò rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Wọ́n gbéra ní ìdájí.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́wọ́ọ́wọ́. Erin bèèrè pé báwo ni. Ìjàpá ní ó tutù. Wọ́n kọjá oko kan, ilẹ̀ gbóná. Erin tún bèèrè. Ìjàpá ní òtútù ti fẹ́ mú òun. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀, wọ́n á gbé kápẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá gbé kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bá iṣu, wọn kò ní bá irun. Ó bá fi orin bojú:

Ilẹ̀ ọkọ̀ yìí tutù o,
Jálá ń jálá.
Ó tutù bí omi àmù,
Jálá ń jálá.
Ẹni ó bá ní ó gbóná,
Jálá ń jálá.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́n,
Jálá ń jálá.

Àgùntàn ló ń gbè é, ó rò pé ayọ̀ ni. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń jó Ìjàpá sí i, bẹ́ẹ̀ ni orin ń yára sí i. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyá Erin ní ohùn rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ó ń fi ọkàn kọrin.

Ó ṣe, Ìyá Erin fa imú, ó ní òun ń gbọ́ òórùn iṣu sísun. Ìjàpá ní àwọn àgbẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ni. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní èèpo tó jóná lára iṣu ni òun àti Àwẹ̀ró máa ń jà sí nígbà èwe, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ ha á, àbúrò ló sì máa ń borí nítorí pé ó mọ ẹkún sun. Ó ní bí àwọn bá débẹ̀, òun á sun ọ̀kan, òun á fún un ní gbogbo èèpo náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yẹ kó jáde. Bí Ìjàpá bá ní, “Bàbá, ẹ dúró,” wọ́n á kó iṣu kúrò, páànù wà lẹ́yìn ọkọ̀, oòrùn kò tíì mú. Ó yanu lóòótọ́. Orin ló jáde.

Odò ku díẹ̀ nígbà tí èéfín gba etí kápẹ́ẹ̀tì yọ. Iná sọ. Erin dúró, ó gbé ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sáré fa omi odò sínú ọwọ́jà rẹ̀, ó tú u sínú ọkọ̀. Nígbà tí iná náà fi kú, ilẹ̀ ẹ̀yìn ti lu, páìpù tó ń gbé epo lọ sí ẹ́ńjìnnì ti já. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n bá iṣu mẹ́fà tó ti di èédú. Àgùntàn wá irun rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ó wo ara rẹ̀.

Erin gbé ẹsẹ̀ sókè lórí Ìjàpá. Ìyá rẹ̀ ní kò sí àkókò fún ìyẹn. Ó mú ọ̀kan nínú iṣu náà dání. Erin gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìjàpá wo ilẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jó dé orúnkún, ó ṣẹ́kù kùkùté mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ní kó máa bọ̀. Kò sí ẹni tó ní kó padà. Ó wọ́ tẹ̀lé wọn.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé Abẹ́-Àràbà. Àwọn ará ilé jókòó síta. Wọ́n ní Àwẹ̀ró bèèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Ó tún bèèrè nígbà tó yẹ̀. Kò bèèrè mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìyá Erin wọlé, ó jókòó tì í. Ó yá ọ̀bẹ. Ó ha èèpo iṣu tó jóná náà díẹ̀díẹ̀, ó kó o sínú àwo, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àbúrò rẹ̀. Ìgbà tó jáde ni Ìjàpá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ dé ojúde.

Ìyá wo kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ìjàpá, báwo ni ilẹ̀?”

Ìjàpá dojú bolẹ̀. Ó ní, “Ó gbóná, Ìyá. Láti ìgbà tí a ti kúrò nílé ló ti ń gbóná.”

Òótọ́ tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹsẹ̀ Ìjàpá fi kúrú, tó le bí igi tí iná jẹ kù, tó sì máa ń rọra gbé e nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ náà nìyí tí àgùntàn ilẹ̀ wa kò fi ní irun gígùn: ó kọ̀, kò jẹ́ kó hù mọ́.

Ibi tí mo ru àlọ́ mi dé nìyí, mo sọ̀ ọ́. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ta mí títí ilé.