Ìdí Tí Régúlétọ̀ Fi Dákẹ́ sí Ẹ̀yìn Ọtanétọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, Régúlétọ̀ kì í ṣe kékeré bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Àpótí irin ńlá ni, ó ní yàrá mẹ́ta, ara ògiri ni wọ́n sì kàn án mọ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Ọwọ́ irin kan wà nínú rẹ̀ tí ń ṣí ẹnu ọ̀nà iná, tí ó sì ń tì í: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bí àwọn ará ilé bá ti gbọ́ ọ, wọn a mọ̀ pé Régúlétọ̀, baálé wọn, ti jí.

Ọtanétọ̀ ni ìyàwó ilé. Òun ni ó ń se iná tí gbogbo ilé ń jẹ. Bí Ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré tó ni ó ń sè tó, kò sì mọ ìwọ̀n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ìwọ̀n sí ọwọ́ Régúlétọ̀. Ṣíbí mẹ́rìnlá ni kí wọ́n máa bù fún Bàbá Bátìrì, àgbà ilé, tí ń tọ́jú iná pamọ́ sínú omi ikùn rẹ̀. Bí ṣíbí bá dín, ebi á pa Bàbá. Bí ó bá lé, omi ikùn rẹ̀ á hó.

Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ ní orúkọ, nítorí náà Baálé Ògiri ni Ọtanétọ̀ sọ Régúlétọ̀. Kì í bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Wáyà gígùn kan ni alárinà wọn: yóò gbé iye ṣíbí lọ bá baálé lára ògiri, baálé á kà á, á sì ránṣẹ́ padà.

Ó pẹ́ títí, ìpẹta mú Wáyà lẹ́nu. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí ọkọ̀ náà ti ń gun òkè, ikùn Bàbá Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

“Bàbá,” ni Fèrè wí, aláròyé ilé náà, “ṣé ẹ̀wà ni ẹ gbé kaná ni?”

Àgbà tó gba ẹ̀kọ́ ilé kì í sọ fún ìyàwó pé oúnjẹ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá ń gbé e mì, omi rẹ̀ sì ń gbẹ. Ó mọ̀ pé bátìrì tí omi rẹ̀ bá gbẹ tán, wọn a yọ ọ́ jù síta ni.

Régúlétọ̀ dá Ọtanétọ̀ lẹ́bi, ó ní ìyàwó ń fi ọwọ́ kún ìwọ̀n. Ọtanétọ̀ ní ohun tí wọ́n bá ní kí òun bù ni òun ń bù.

Láṣebìkan, rewáyà tí ń tún iná ọkọ̀ náà ṣe, kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó wọn iná nílé Bàbá: ṣíbí mẹ́rìndínlógún. Ó wọ̀n ọ́n lára ògiri: mẹ́rìnlá. Ó tún un wọ̀n, kò yí padà.

“Ẹnikẹ́ni kò purọ́ nínú yín,” ni ó wí. “Ọ̀nà ló jìn. Ṣíbí méjì ń dà sílẹ̀ kí Wáyà tó dé ọ̀dọ̀ baálé; baálé rò pé ó dín, ó sì ń ní kí ìyàwó fi kún un.”

Ó ha ìpẹta ẹnu Wáyà. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìpẹta padà. Láṣebìkan wá pinnu pé ẹni tí ń wọn ọbẹ̀ ni yóò jókòó ti ìkòkò.

Ṣùgbọ́n àyè tó wà ní ẹ̀yìn Ọtanétọ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Régúlétọ̀ ní kí wọ́n fẹ àyè náà. Láṣebìkan ní ẹrù baálé ni yóò dín. Ó ń mú ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń béèrè pé bí a bá fi èyí sílẹ̀, ṣé iṣẹ́ yóò dúró?

Yàrá méjì ṣófo. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Ìdérí ńlá, ẹwà lásán ni. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ku ọwọ́ irin. Régúlétọ̀ dì í mú, ó ní bí òun kò bá dún kẹ́, kẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé baálé wà nílé? Láṣebìkan mú ẹnu ọ̀nà kan jáde tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, tí ń ṣí, tí ń tì, láìsí ọwọ́ kankan. Ojú tí ń ka ṣíbí àti ẹnu ọ̀nà yìí nìkan ló kù nínú ẹrù baálé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn Ọtanétọ̀, ó sì wọlé rẹ́gí.

Kò pé wákàtí kan tí Régúlétọ̀ fi fẹ́ yọ́. Ilé ìdáná gbóná ju ara ògiri lọ.

“Baálé,” ni Fèrè wí, “ẹ kú ìdí ààrò o.”

Láṣebìkan fún Régúlétọ̀ ní ẹ̀yìn páànù tó ní gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí eyín òòyà, ó sì kọjú rẹ̀ sí fáànù Ọtanétọ̀, kí ooru lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ó wá ku omi òjò àti jìgìjìgì ọ̀nà. Fún èyí ni ó yọ́ gọ́ọ̀mù dúdú, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ kí ó tó dà á: ẹni tí a bá fi í dí lẹ́nu, a kì í tú u mọ́.

Régúlétọ̀ wo Bàbá. Omi ikùn rẹ̀ kò ju ìlàjì lọ mọ́.

“Bí wọ́n bá dí mi lẹ́nu,” ni ó béèrè, “ta ni yóò máa mọ̀ pé mo ń ṣiṣẹ́?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá Bátìrì sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ.

“Èmi ni,” ni ó wí. “Ikùn mi ni yóò máa mọ̀.”

Régúlétọ̀ ní kí wọ́n da gọ́ọ̀mù. Láṣebìkan bu omi kún ikùn Bàbá, ọkọ̀ tún gun òkè náà, omi kò sì hó. Ọtanétọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó fún baálé ní orúkọ mìíràn: Akéréfinúṣọgbọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni Régúlétọ̀ ti wà ní kékeré ní ẹ̀yìn Ọtanétọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, tí gọ́ọ̀mù dúdú sì bò ó lẹ́nu. Bí ó bá bàjẹ́, wọn kì í tú u. Òdindi ni wọ́n ń pààrọ̀. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ó sùn. Ẹ wo ikùn Bàbá Bátìrì. Bí ibẹ̀ bá tutù pẹ̀sẹ̀, baálé wà nílé.