Wíìgì Tó Wọ́ Lórí Sezan

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Amúkùn-ún ní, "Òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." À ń pa á láàárọ̀, à ń pa á lálẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ta ni amúkùn-ún náà? Ọmọ ìlú ibo ni? Kí ló rù, ṣé iṣu ni àbí igi? Ta sì ni aláìmójúkúrò tó dúró lójú ọ̀nà tó ń ka ẹrù orí ẹlẹ́rù sí i lọ́rùn? Mo ti bi àwọn àgbà, èsì tí wọ́n ń fún mi kò ju pé kí n jókòó kí n jẹun. Nígbà tí kò ti wá sí ìlú tó jáde pé àwọn ló bí i, mo gbà pé mo láṣẹ láti wá a lọ síbi tó bá wù mí.

Ibi tí mo ti rí i jìnnà díẹ̀. Ilẹ̀ Jàpáànù ni. Kò ru iṣu, kò ru igi, irun ló rù. Kì í sì í ṣe amúkùn-ún nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Arẹwà ni, ọkùnrin ni pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìlú ló gbà pé kò sí obìnrin tó mọ̀ ọ́n rìn tó o.

Ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú. Àwọn ará Jàpáànù ní eré orí ìtàgé kan tí wọ́n ń pè ní kàbúkì. Orin wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, aṣọ tó ń dán gbinrin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin ò sí níbẹ̀. Ìjọba ayé àtijọ́ ló lé àwọn obìnrin kúrò lórí ìtàgé, ni àwọn ọkùnrin bá ń ṣe ọkọ, wọ́n ń ṣe ìyàwó mọ́ ọn. Ó wá di iṣẹ́ àwọn kan nínú wọn láti máa ṣe obìnrin títí ọjọ́ ayé wọn, Sezan sì jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ apẹja ni. Òṣèré àgbà kan tí kò bímọ ló gbà á tọ́, ó fún un ní orúkọ ilé rẹ̀, Kirino, ó sì kọ́ ọ ní ìrìn. Á fi bébà há a láàárín orúnkún méjèèjì, á ní kó rìn yí ilé ká. Bí bébà bá jábọ́, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Sezan ti kọ́ ìrìn tó lè mú àgbàlagbà sunkún láìsọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ọ̀gá yìí kà sí pàtàkì ju bébà lọ. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe obìnrin lórí ìtàgé kì í bọ́ ọ sílẹ̀ bó bá délé. Kó jókòó bí obìnrin, kó sọ̀rọ̀ bí obìnrin, kó kẹ̀yìn sí èèyàn bó bá ń jẹun. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá rí ojúgun rẹ, ọjọ́ náà lo padà di ọmọ apẹja."

Sezan di òfin náà mú bí ẹni di okùn kànga mú. Ó dàgbà, ọ̀gá rẹ̀ kú, òkìkí rẹ̀ kàn, irun tirẹ̀ funfun lábẹ́ wíìgì. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rí ojúgun rẹ̀ rí, títí kan Mohei.

Mohei ni ẹni tó ń ṣe wíìgì fún un. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì wọ ilé eré, Mohei ló sì ṣe gbogbo wíìgì tí Sezan dé láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ jáde. Wíìgì tiwọn kì í ṣe irú èyí tí à ń dé jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òòlù lu bàbà pẹlẹbẹ títí yóò fi bá orí ẹni tó fẹ́ dé e mu, kí wọ́n tó rán irun mọ́ ọn. Ìka Mohei mọ orí Sezan ju bí Sezan alára ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọ̀rẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Mohei bá ti gbé wíìgì lé e lórí, á fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú díẹ̀, á ní, "Ó dúró." Sezan á dìde, á lọ ṣeré.

Ipa kan wà tí èrò ń torí rẹ̀ wá láti ìlú mìíràn: ti ológe obìnrin kan tí àwọn ìjòyè ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wíìgì ológe yìí tóbi, ìyarun àti ìkótí kún inú rẹ̀, ó wúwo bí ìkòkò omi. Oríṣiríṣi aṣọ ló ń wọ̀ lé ara wọn. Bàtà pákó tó ń wọ̀ sì ga tó àpótí tí à ń jókòó lé nídìí ààrò. Pẹ̀lú gbogbo ẹrù yìí, kò gbọdọ̀ rìn tààrà. Ẹsẹ̀ á yí wọnú, á rọra ya síta, á tún padà, orí kò sì gbọdọ̀ mì. Kò sí ẹlòmíràn nílùú tó tún lè rìn ín bí Sezan. Nígbà tó bá dé ibi tí òṣèré ti máa ń dúró díẹ̀ kí wọ́n lè wò ó, àwọn mẹ̀kúnnù tó jókòó lókè pátápátá lẹ́yìn á pariwo orúkọ ilé rẹ̀: "Kirino!" Iṣẹ́ ni èyí náà. Bó bá yá jù, ó ba eré jẹ́. Bó bá pẹ́ jù, wọ́n á ní ẹni tó pariwo ti sùn lọ. Ọ̀gá nínú wọn ni Kanroku, ẹlẹ́ja kan tó ti ń pariwo fún Sezan láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni wíìgì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́.

Ọjọ́ kìíní, èèyàn díẹ̀ ló rí i. Nígbà tó yá, gbogbo ilé eré ló ń rí i: bí Sezan bá ti ń dé ibi ìdúró, wíìgì á tẹ̀ sí òsì. Ọ̀gá ilé eré pe Mohei, ó bá a wí. Mohei tọrọ gáfárà, ó gbé wíìgì lọ sílé, ó tú u, ó tún bàbà rẹ̀ lù, ó yọ ìkótí kúrò ní òsì, ó fi kún ti ọ̀tún. Ọjọ́ kejì, ó tún wọ́. Ó wọn orí Sezan látòkè délẹ̀, orí ò yí padà. Ó wá kù sí ibi kan ṣoṣo tí ẹ̀bi lè wà. Sezan bá a níbi tó jókòó sí lójú fèrèsé, tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, tó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo àlejò.

Mohei ní, "Ọ̀gá mi, mo rò pé ọwọ́ mi ti ń parọ́ fún mi. Ó ní ó dúró, kò sì dúró."

Sezan fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe wíìgì. Orúnkún òsì rẹ̀ ló ti bàjẹ́, ó wú, ó ń dùn ún wọnú eegun. Láràárọ̀ ló ń dá nìkan fi aṣọ dì í gírígírí. Bí orúnkún bá ti yẹ̀ lórí bàtà gíga yẹn, ìbàdí á tẹ̀, èjìká á tẹ̀ lé e, ọrùn á fẹ́ tún un ṣe, kò ní í rí i ṣe. Ohun tí ojú èrò ń bá níkẹyìn kò ju wíìgì tó wọ́ lọ. Ta ni yóò sì wo ìsàlẹ̀? Aṣọ bò ó. Òfin ọ̀gá bò ó pẹ̀lú.

Mo bá Sezan wí níbí yìí, ẹ má ní kí n má bá a wí. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: bí ọ̀gá ilé eré bá fi lè gbọ́, ọjọ́ náà ni wọ́n máa gbé ipa náà fún ọ̀dọ́ kan, tí Sezan á sì padà sílé tí kò ní ohunkóhun nínú. Ó kúkú yé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣiyèméjì ọwọ́ ara rẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn kò dára.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ máa yanjú, ọ̀gá ilé eré wọ yàrá ìmúra wá. Ó ní bí wíìgì bá tún wọ́ lónìí, kí Mohei kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, òun ti rí ẹlòmíràn. Mohei tẹrí ba. Sezan ń kun ètè lọ́wọ́ níwájú dígí, kò sì yí ojú padà. Mohei gbé wíìgì lé e lórí, ó gbá a mú díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ pé ó dúró.

Ojú ọ̀sán ni wọ́n ń ṣeré láyé ìgbà yẹn, oòrùn ń gba fèrèsé òkè wọlé. Sezan bọ́ sójú ọ̀nà pákó tó la àárín èrò kọjá lọ sórí ìtàgé. Ó rìn, èrò ń na ọrùn wò ó. Ó dé ibi ìdúró, orúnkún yẹ̀, wíìgì tẹ̀ sí òsì. Kanroku lanu lókè, gbogbo ènìyàn ń retí orúkọ ilé. Ohun mìíràn ló jáde.

"Kirino, ẹrù orí ẹ wọ́ o!"

Kò fi ṣèkà. Ó fẹ́ràn Sezan ni, ó sì fẹ́ kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n èrò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dé ẹ̀gbẹ́ ìtàgé níbi tí Mohei dúró sí. Sezan rí i láti ojú ọ̀nà. Mohei ò bínú, kò ráhùn. Ó tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìyarun rẹ̀ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn ni Sezan ò lè wò. Ó gbójú sókè sí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó sì fi ohùn ológe dáhùn.

"Òótọ́ lẹ sọ, ẹrù mi wọ́. Ṣùgbọ́n òkè lẹ ń wò. Ẹ ò wo ìsàlẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó sì gbé e sókè kọjá orúnkún. Ojúgun ọmọ apẹja ni wọ́n rí, ó gbẹ bí igi, orúnkún tó wú sì wà lórí rẹ̀ nínú aṣọ ìdì. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn ọkùnrin ló fi sọ ọ́, ohùn arúgbó tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí nílùú náà.

Ó ní, "Ọwọ́ Mohei ò ní àbùkù kankan. Èmi ni mo fi aṣọ bo ẹsẹ̀ mi."

Ó fẹ́ tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ kọ̀. Nígbà náà ni Mohei jáde láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, lójú ọ̀nà tí ẹni tí kì í ṣe òṣèré kì í tẹ̀. Nínú eré náà, ológe máa ń gbé ọwọ́ lé èjìká ìránṣẹ́ rẹ̀ bó bá ń lọ. Mohei ti ìránṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé èjìká tirẹ̀ kalẹ̀, Sezan gbọ́wọ́ lé e. Wọ́n jọ rìn ín dé orí ìtàgé. Wíìgì ṣì wọ́ bó ṣe wọ́, ẹnikẹ́ni ò wò ó mọ́. Bí wọ́n ṣe gbẹ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, ní àkókò gan-an tó yẹ, Kanroku pariwo láti òkè, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè rí nílé eré kankan ló sì pè: "Mohei!"

Ohun tí Sezan ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n gba ipa náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wọ bàtà gíga mọ́. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ ọ̀dọ́ tó gba ipa náà ní ìrìn, Mohei ló sì ṣe wíìgì rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ṣàṣìṣe, Sezan á gbé aṣọ tirẹ̀ sókè láìtijú, á fi orúnkún rẹ̀ hàn án.

Ìròyìn kì í dúró lójú kan. Ó ti ẹnu apẹja bọ́ sí ẹnu atukọ̀, ó la òkun kọjá. Bó sì ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà, bàtà gíga já sómi, irun di ẹrù lásán, Sezan di amúkùn-ún tí kò lórúkọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó dárúkọ amúkùn-ún tirẹ̀ kí a gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún pa òwe náà, ẹ rántí pé kì í ṣe àwọn tó ń wòkè nìkan ló jẹ̀bi. Ẹlẹ́rù náà ti fi aṣọ bo ẹsẹ̀ kí wọ́n tó máa wò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jìyà rẹ̀. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ó sì gbé aṣọ rẹ̀ sókè.