Àrọ̀ Inú Ìkòkò Mọrẹ́nikẹ́

Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí ní àgbàlá, àwọn ọmọ ilé yí i ká.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rọra rì, ó rì títí, ó kan ìsàlẹ̀ ìkòkò omi. Ta ló bá níbẹ̀?"

"Ẹ sọ fún wa, Ìyá Àgbà!"

"Ẹja àrọ̀ kékeré kan ni."

Ní ìgbà kan rí, apẹja kan wà tó ń jẹ́ Akínlàjà. Láràárọ̀, kó tó gbé àjẹ̀ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ síbi ìkòkò ẹlẹ́nu gbàgàdà kan nínú yàrá, á ní, "Bàbá onírùngbọ̀n, ṣé o jí ire?" Ẹja inú ìkòkò á mi irùngbọ̀n rẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín: "Baálé mi, ẹ kò tíì kí mi o, ẹja lẹ ń kí!"

Ẹja yìí kò ju ìka àárín lọ. Kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ní ọjọ́ tí àwọ̀n mú un, ó bẹ Akínlàjà pé, "Ẹ má sè mí. Iyanrìn díẹ̀, ibòji díẹ̀, omi odò lásán, ó tó mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní ìpẹ́ lára o. Ohunkóhun tó bá bọ́ sínú omi, tààrà ló ń wọ̀ mí lára."

Akínlàjà sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó tún un sọ: "Omi odò lásán o!"

Ní ọjọ́ kan, Akínlàjà lọ sódò. Ọkọ̀ rẹ̀ padà, òun kò padà.

"Háà! Ṣé ó rì ni?"

"Odò kò sọ fún wa, Fọlárìn."

Òrùka bàbà tí Akínlàjà bọ́ sórí àpótí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni gbogbo ohun tó kù fún Mọrẹ́nikẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, òrùka náà di àwátì.

Kò sí àlejò tó wọlé. Ta ló wà nílé? Òun, ẹja, àti akàn tó ń gbé inú ihò tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

Akàn yọ ojú síta. "Ìyá ilé, mi ò fẹ́ dá sí i o. Ṣùgbọ́n kí ni ẹja yín ń wà nísàlẹ̀ ìkòkò látàná? Ẹni tó ti kékeré hu irùngbọ̀n, kí ló fi ń bò?"

Mọrẹ́nikẹ́ yọjú wo inú ìkòkò. Lóòótọ́, omi ti dà rú, ó dúdú.

"Ìwọ ẹja, òrùka ọkọ mi dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀ níbí. Mò ń wa iyanrìn, ó jìn, ẹnu mi sì kéré. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Ó jẹ́wọ́!" ni akàn wí. "Kó tó di ọ̀la, yóò ti gbé e mì! Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ o, ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ta bí àkeekèé."

Mọrẹ́nikẹ́ kò jẹun, kò dìde. Ó ń ṣọ́ ẹja. Ẹja ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

"Ìyá ilé, rọra o."
"Rọra!"
"Iyanrìn ni mò ń wà."
"Rọra!"
"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ ná."
"Rọra!"

Mọrẹ́nikẹ́ kò gbọ́ orin. Ohùn akàn ló kún etí rẹ̀. Ó mú álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí gbogbo ilé fi ń mú omi ẹrẹ̀ tòrò, ó rò ó yíká nínú ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó lè rí olè náà dáadáa.

"Ìyá Àgbà! Ẹja ò ní ìpẹ́!"

"Ìwọ Dúró rántí. Òun kò rántí."

Ẹrẹ̀ rì. Omi mọ́ gaara. Mọrẹ́nikẹ́ rí òrùka, ó rí ẹsẹ̀ akàn kan tó kán há sínú rẹ̀. Ó rí àrọ̀ kékeré, irùngbọ̀n rẹ̀ kan kọ́ mọ́ òrùka náà. Ó ti fà á jáde kúrò nínú iyanrìn. Ṣùgbọ́n ẹja náà ti yí ikùn sókè, ó ti kú.

"Akàn ńkọ́?"

"Olè ti sá lọ, ihò rẹ̀ ti ṣófo. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, kí a má baà rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán."

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá fura sí ẹnì kan, ẹ fún un ní ọ̀la tó tọrọ.

Ibi tí mo gbé ìkòkò àlọ́ mi sọ̀ nìyẹn. Bí mo bá bu omi èké sí i, kó jò mọ́ mi lára.

"Ìyá Àgbà, ìkòkò yẹn gan-an ńkọ́?"

"Ó ṣì wà nínú yàrá. Láràárọ̀ ni Mọrẹ́nikẹ́ ń pààrọ̀ omi inú rẹ̀. Omi odò lásán ni."